Rííìlì Olówó Pọ́ọ́kú fún Odò àti Òkun: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìmọ̀ràn. Ọmọ ọdún 29 ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, Òkè-Fìà níbí ní Òṣogbo ni mo sì ń gbé. Láti kékeré ni mo ti ń fi ọ̀pá ọparun dẹ ìwọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bọ́ sórí ọ̀pá tó ní rííìlì, ẹ̀rọ kékeré tó ń ká okùn ìwọ̀, báyìí. Ìsédò Erinlẹ̀ lápá Ẹdẹ ni mo máa ń lọ ní Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Àgbádárìgì tó ní kí n máa wá bá òun ju ìwọ̀ sókun nígbà ọlidé. Owó ọwọ́ mi kò ju ₦45,000 lọ, rííìlì kan péré ni mo sì lè fi rà. Mo ti rí méjì. Èkíní ń dán bíi góòlù: 4000 ni wọ́n kọ sí i fún ìtóbi rẹ̀, bẹ́árìn 13+1, bíréèkì kìlò 18. Èkejì dúdú, kò dán rárá: 4000 ni òun náà, bẹ́árìn 4+1, bíréèkì kìlò 8, wáṣà carbon, owó rẹ̀ sì fi ₦4,000 ju ti aláwọ̀ góòlù lọ. 5.2:1 wà lára àwọn méjèèjì. Èwo ni kí n mú? Ṣé òótọ́ ni pé rííìlì kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ odò kí ó tún ṣe ti òkun? Ṣé mo sì lè kọ́kọ́ dán an wò nínú odò Ọ̀ṣun, níbi igbó, kí n tó gbé e rìnnà jíjìn?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, dúdú ni kí o rà. Ṣùgbọ́n má tíì sanwó. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí lọ́tọ̀, ohun tí wọ́n máa gbé lé ọ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́tọ̀, ọwọ́ rẹ ni o sì máa fi mọ ìyàtọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀, iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ni iṣẹ́ mi ní Òṣogbo yìí. Ìwọ̀ ni mo fi ń sinmi. Àwọn apẹja ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rííìlì wá bá mi nígbà tí wọ́n rí i pé inú rẹ̀ kò jìnnà sí inú ẹ̀rọ ìránṣọ: jíà, bẹ́árìn, gíríìsì, àti ibi tí okùn ń wé mọ́, tí mo máa ń pè ní bọ́bìn. Bọ́bìn náà ni n ó máa pè é nínú ìdáhùn yìí. Bíréèkì sì ni ohun tí wọ́n kọ drag sí lára páálí, kókó tó wà lórí bọ́bìn tí à ń dè tí à ń tú; wáṣà ni àwọn òrùka pẹlẹbẹ tó wà nínú rẹ̀.

Jẹ́ kí a ti orí bẹ́árìn bẹ̀rẹ̀, torí òun ni wọ́n fi ń mú ènìyàn jù. Bẹ́árìn ni àwọn hóró irin róbótó tó wà nínú òrùka, tó ń jẹ́ kí nǹkan yí láìsí ìfagbára. Nínú rííìlì, ibi tó nílò rẹ̀ gan-an kò pọ̀: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì jíà ńlá, ìdí jíà kékeré, àti rólà kékeré tí okùn ń gbà kọjá kí ó tó dé orí bọ́bìn. Mẹ́rin nìyẹn. 1 tí wọ́n fi àmì ìròpọ̀ kọ sẹ́yìn, òun ni èyí tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ rííìlì yí padà sẹ́yìn. Márùn-ún ti pé. Mẹ́sàn-án tó kù lára aláwọ̀ góòlù yẹn, ibo ni wọ́n kó wọn sí? Mo ti tú irú rẹ̀ rí. Wọ́n á ki méjì sínú kókó ọwọ́, wọ́n á to òmíràn sí ibi tí òrùka ike lásán ì bá ti ṣe iṣẹ́ náà pé. Bẹ́árìn tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, mẹ́sàn-án, ibi mẹ́sàn-án ni iyọ̀ ti rí wọlé yẹn. Mẹ́rin tí wọ́n ṣe dáadáa, tí wọ́n fi ìdérí bo ojú rẹ̀, sàn ju mẹ́tàlá lọ.

Ẹnì kan á sọ fún ọ pé kí o gbé òòfà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, pé bẹ́árìn tí òòfà bá fà, dandan ni kó dógùn-ún. Má tẹ̀ lé e. Irú irin tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ bẹ́árìn tí kì í tètè dógùn-ún, òòfà ń fà á bó ṣe ń fa ìṣó.

Ó kan kìlò 18. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, kìlò 50 ni. Kìlò 18 ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Fi okùn so ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ mọ́ orí ọ̀pá ìwọ̀ rẹ kí o gbé e nílẹ̀, o ò ní í gbé e dókè kí ọ̀pá tó ṣẹ́. Okùn tí o máa lò, bí mo bá gbà ọ́ nímọ̀ràn, kò ní í ju èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ kìlò 9 lọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára okùn ni à ń de bíréèkì sí. Ìyẹn já sí kìlò 2 àti díẹ̀ sí kìlò 3. Kìlò 8 tó wà lára dúdú ti ju ohun tí o nílò lọ ní ìlọ́po méjì. Kìlò 18 yẹn, orí páálí ni yóò ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí o wá lára bíréèkì ni bí ó ṣe ń tú sílẹ̀. Bíréèkì kì í dá ẹja dúró. Ó ń jẹ́ kí ẹja fa okùn lọ ni, ṣùgbọ́n kí ó fi wàhálà fà á, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ń tú ní ìdọ́gba, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ á mú ẹja ńlá wálé. Bí ó bá ń dì, tó ń já, tó tún ń dì, okùn yòówù kó nípọn, á já. Ẹ̀yin aránṣọ tó ń ka èyí mọ̀ ọ́n: nígbà tí tẹ́ńṣàn ẹ̀rọ bá ń mú gán-an tó tún ń dẹ̀, òwú wo ló ń yè é?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Rííìlì tí mo kọ́kọ́ gbé lọ sókun ń dán bíi tìrẹ yìí, bẹ́árìn 12 ni wọ́n kọ sí i. Mo dúró létí òkun Àgbádárìgì ní ìrọ̀lẹ́, ìgbì ń gun orí ara wọn bọ̀, mo fi edé ṣe ìdẹ. Ẹja kan gbé e. Bíréèkì tú fún un, bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ló bá dúró gan-an bí ẹni tí wọ́n de lókùn. Ọ̀pá tẹ̀ wálẹ̀, ó fẹ́ dìde, ó tún tẹ̀, okùn bá já, pàá! N kò rí ẹja yẹn sójú. N kò mọ̀ bóyá ẹja kúta ni àbí ẹja àpò. Nígbà tí mo ṣí orí bọ́bìn, wáṣà aṣọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, apá kan rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ irin. Ohun tó ń dì tó ń já nìyẹn.

Inú bí mi débi pé nígbà tí mo padà dé Òṣogbo, mo kàn sọ ọ́ sínú kọ́ńbọ́ọ̀dù, n kò fi omi kàn án. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo gbé e jáde, ọwọ́ rẹ̀ kò yí mọ́. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, mo tú u palẹ̀. Ní ìdí rólà, nǹkan funfun ti hù yí bẹ́árìn ká bí èlùbọ́ tí omi ta sí. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó já bọ́ sórí ìwé ìròyìn, ìpele tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì pọ́n bí amọ̀. Níbi tí síkúrúù irin ti wọ ara àlúmíníọ̀mù, ara rẹ̀ ti jẹ gọ̀dọ̀gbà, síkúrúù náà ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Nígbà yẹn ni mo mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe. Omi òkun á gbẹ, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ kì í bá a lọ. Á jókòó síbẹ̀, á máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á sì máa jẹ irin lọ nínú kọ́ńbọ́ọ̀dù lọ́hùn-ún, ní ìlú tó jìnnà sókun ju 100 kìlómítà lọ. Bí irú irin méjì bá sì fara kan ara wọn nínú omi iyọ̀, wọ́n á di bátìrì, ọ̀kan nínú wọn ni yóò sì jẹ tán. Ẹjọ́ bíréèkì yẹn, ti ẹni tó ṣe é ni. Ẹjọ́ iyọ̀, èmi ni mo ni ín, ó sì dùn mí títí dòní torí pé omi ìwọ̀nba ni ì bá gbà á là.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o mú dúdú. Bí ó bá jẹ́ irú tí mo rò pé ó jẹ́, ike líle tí wọ́n po carbon mọ́ ni ara rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní graphite. Kì í dógùn-ún, ó sì fúyẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí ẹja ńlá bá fà á gidi, jíà á sì fẹ́ yẹ̀ lójú ara wọn. Fún ẹpìyà àti àrọ̀ inú Erinlẹ̀, o ò ní í mọ̀ ọ́n lára. Fún ẹja etí òkun tí o máa fi okùn kìlò 9 fà, o ò ní í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Àwọn tí ara wọn jẹ́ àlúmíníọ̀mù le jù ú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ iyọ̀. Àwọ̀ góòlù tó wù ọ́ yẹn, ọ̀dà ni. Ọjọ́ tí òkúta bá ha á, ibẹ̀ ni iyọ̀ máa gbà wọlé.

Wáṣà carbon tó wà nínú bíréèkì rẹ̀ ni mo fi sọ pé ₦4,000 tó lé yẹn kò ṣòfò. Carbon kì í gbóná kó lẹ̀ bí aṣọ, kì í sì í tẹ́ pẹẹrẹ bí ó bá pẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tó lórúkọ náà ti ń fi í sínú èyí tí owó rẹ̀ wálẹ̀. Penn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Philadelphia ní 1932, ń fi carbon tí wọ́n ń pè ní HT-100 sínú Pursuit wọn, tó wà lára àwọn tí owó rẹ̀ kéré jù nínú rííìlì tiwọn. Bí o bá rí tòkunbọ̀ irú ẹ̀ tí ara rẹ̀ ṣì mọ́, tí owó rẹ̀ sì bọ́ sí ìwọ̀n tìrẹ, yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé yìí. Èmi kò kórìíra tòkunbọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní Òṣogbo, tòkunbọ̀ ni wọ́n.

Nígbà tí o bá dé ṣọ́ọ̀bù, má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi ọwọ́ yí i fún ọ wírí wírí. Ohun gbogbo tó bá ń sáré máa ń dà bí ohun tó dán mọ́rán. Ìwọ gbà á, kí o fi ìka kan yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń yí bọ́tìnnì rédíò. Jíà tí kò dára á máa sọ fún ìka rẹ: gáà, gáà, bí iyanrìn tó wà láàárín eyín. Lẹ́yìn náà, dá a dúró kí o gbìyànjú láti yí i padà sẹ́yìn. Ó yẹ kí ó dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá rìn padà tó ìdajì ìka kí ó tó mú, gbé e lé káńtà.

Ṣí apá wáyà tó ń kó okùn wọlé, kí o pa á dé, bíi ogún ìgbà. Síprìǹgì rẹ̀ kò gbọdọ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Wá mú òwú ìránṣọ kan, fi í gba orí rólà, fà á síwá sẹ́yìn pẹ̀lẹ́, kí o sì wo rólà náà dáadáa. Ó yẹ kí ó máa yí bí òwú ṣe ń lọ. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára páálí lọ. Rólà tí kò yí, okùn á máa fi í ṣe ayùn. Kò ní í pẹ́ tí yóò fi ya ojú ọ̀nà sára rẹ̀, ojú ọ̀nà yẹn náà ni yóò sì máa gé okùn. Mo ti rí rólà tí okùn ya ojú ọ̀nà sí lára, ó jinlẹ̀ débi pé èékánná mi wọ inú rẹ̀.

Bíréèkì wá kù. Bí o bá lè yá òṣùwọ̀n ìfikọ́ kékeré lọ́wọ́ ẹlẹ́ja kan l'Ọjà Ọba, mú un dání. Wé okùn díẹ̀ sórí bọ́bìn, so orí rẹ̀ mọ́ ìkọ́ òṣùwọ̀n, de bíréèkì díẹ̀, kí ẹnì kan di rííìlì mú, kí ìwọ máa fa òṣùwọ̀n náà lọ pẹ̀lẹ́. Ojú ni kí o fi wo ọwọ́ òṣùwọ̀n. Bí ó bá gòkè dé kìlò 2, tí okùn bẹ̀rẹ̀ sí í tú, tí ọwọ́ náà sì dúró sí 2, o ti rí bíréèkì rà. Bí ó bá gòkè dé 4 kí ó tó tú, tó já wálẹ̀ sí 1, tó tún gòkè, ìyẹn ló já okùn mi ní Àgbádárìgì. Ẹni tó ń tà á lè bínú pé ìwọ ń pẹ́. Kí ó bínú.

4000 tí o mú dára fún ẹni tó fẹ́ fi ọ̀kan ṣe méjì. Bó bá jẹ́ Erinlẹ̀ nìkan ni, 2500 ì bá tó. Bó bá jẹ́ òkun nìkan, n ó ní kí o gòkè sí 5000 tàbí 6000. 5.2:1 túmọ̀ sí pé bí o bá yí ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, apá wáyà á yí bọ́bìn po ní ìgbà márùn-ún ó lé díẹ̀. Lórí 4000, okùn tó máa wọlé lẹ́ẹ̀kan á tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70 sí 90. Ó tó.

Ṣé rííìlì kan ṣoṣo lè ṣe odò àti òkun? Ó lè ṣe é. Lẹ́yìn èyí tí iyọ̀ jẹ, ọ̀kan dúdú bíi tìrẹ ni mo fi rọ́pò rẹ̀, ọdún mẹ́fà ni mo fi lò ó ní ibi méjèèjì, bẹ́árìn rólà nìkan ni mo sì pààrọ̀. Ṣùgbọ́n mo ń wẹ̀ ẹ́. Kí o tó kúrò ní Àgbádárìgì, kí iyọ̀ tó gbẹ, ra píọ̀ wọ́tà méjì. De bíréèkì pinpin kí omi má baà ráyè wọ àárín àwọn wáṣà. Já etí ọ̀rá náà kékeré, kí o máa rọra da omi sí i lórí, sí rólà, sí ìdí ọwọ́, sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Má rì í sínú báàfù. Má gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́n omi sí i. Omi tó ń bọ̀ pẹ̀lú agbára á ti iyọ̀ wọ inú ibi tí kò lè dé fúnra rẹ̀. Fi aṣọ gbẹ nù ún. Nígbà tí o bá délé, tú bíréèkì sílẹ̀ pátápátá, yọ bọ́bìn, nu ọ̀pá irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gbẹ mọ́jú níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Lẹ́yìn náà, ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀kán kan sí rólà, ẹ̀kán kan sí ọ̀pá irin yẹn, ẹ̀kán kan sí kókó ọwọ́. Má fi òróró ẹ̀pà tàbí àdí ṣe é, wọ́n á dì bíi gọ́ọ̀mù. Má sì jẹ́ kí ọ́ìlì kan wáṣà bíréèkì. Inú, níbi tí jíà wà, gíríìsì ni ó ń fẹ́, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, èyí sì ni o lè gbé wá bá èmi tàbí irú mi.

Erinlẹ̀ kò ní iyọ̀, ṣùgbọ́n yanrìn ń bẹ níbẹ̀. Má gbé rííìlì lélẹ̀ létí omi, kódà fún ìṣẹ́jú kan tí o fi ń tú ìwọ̀ lẹ́nu àrọ̀. Hóró yanrìn kan nínú jíà, ohun tó máa ṣe lọ́sàn-án kan, iyọ̀ nílò oṣù kan láti ṣe é. Gbé ọ̀pá náà ti igi, tàbí kí o ri ẹ̀ka igi tí orí rẹ̀ ya sí méjì mọ́lẹ̀ fún un.

Ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn. Rárá o, má ju ìwọ̀ níbi igbó Ọ̀ṣun. A kì í pẹja níbẹ̀, a kì í sì í dọdẹ níbẹ̀. Ọmọ Òròkí ni ọ́, o mọ̀ pé orúkọ oyè ọba wa pàápàá, ọ̀dọ̀ ẹja ni ó ti wá: Láròóyè rúbọ lódò, ẹja fò sókè, ó tẹ́wọ́ gbà á, ni wọ́n bá ń pè é ní Atẹ́wọ́gbẹja, tó di Àtáọ́ja. Ẹja tó wà níbẹ̀, ti Yèyé ni. Ìyẹn ti wà kí UNESCO tó fi igbó náà sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Yàtọ̀ sí èyí, omi Ọ̀ṣun ti pọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù lókè odò lápá Ìjẹ̀ṣà, ó sì ń dùn mí gan-an bí mo bá dúró lórí afárá tí mo wò ó. Ẹrẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò dára fún rííìlì tuntun, kò sì dára fún ẹja.

Olùkọ́ ni ọ́. O ní pápá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, so nọ́ọ̀tì irin kan sórí okùn dípò ìwọ̀, dúró sẹ́nu góòlù, kí o máa jù ú sí àárín pápá. Ọ̀sán mẹ́ta mẹ́rin bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ á ti mọ ìgbà tó yẹ kí ìka tú okùn sílẹ̀. Má lò ó níbi tí koríko ti gbẹ di erùpẹ̀.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Láti Ìkìrun, ọ̀dọ̀ màmá kan: Ọkọ mi ra rííìlì fún ọmọ wa tó wọ SS2, torí ó ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, okùn náà lọ́ pọ̀ mọ́ra bí irun tí a kò yà. A ti gé e sọ nù lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa?

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú. Ó ṣeé ṣe kí rííìlì náà dára. Bó ṣe ń wé okùn ni ó ń fa èyí. Ẹni tó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí irú rííìlì yìí, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni, Alfred Illingworth, tó ní ilé iṣẹ́ òwú irun àgùntàn ní Bradford. Ní 1905 ni. Inú ilé iṣẹ́ yẹn ló ti rí bí òwú ṣe ń tú kúrò lórí bọ́bìn láti ẹnu rẹ̀, láìjẹ́ pé bọ́bìn náà yí. Ẹ wo bọ́bìn rííìlì ọmọ yín: kì í yí nígbà tó bá ń ju ìwọ̀. Okùn ni ó ń fò kúrò lórí rẹ̀ ní òrùka òrùka. Nígbà tó bá sì ń ká a padà, apá wáyà ló ń yí po, tó ń wé e sí i. Okùn tí à ń wé báyìí kò ní í ṣe kó má lọ́ra díẹ̀. Ẹ̀yin tó ń fi òwú hun nǹkan mọ̀ ọ́n.

Ìlọ́ra díẹ̀ kò ṣe nǹkan. Àwọn ohun mẹ́ta ni mo fura sí pé ọmọ yín ń ṣe tó sọ ọ́ di púpọ̀. Ó kún bọ́bìn jù: okùn gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí etí bọ́bìn ní mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn tó bá ju ìwọ̀ tán, ó ń yí ọwọ́ kí apá wáyà lè pa ara rẹ̀ dé, dípò kí ó fi ọwọ́ pa á, kí ó sì fa okùn kí ó le kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ìkẹta ló burú jù. Nígbà tí ẹja bá ń fa okùn lọ tí bíréèkì ń dún, òun náà ń yí ọwọ́ lọ ní ìgbónára. Kò sí okùn tó ń wọlé nígbà náà. Ìlọ́ra ló kàn ń fi kún un, ní gbogbo ìyíkan. Kí ó dúró, kí ẹja sá, kí ó tó ká.

Èyí tó ti lọ́ra tẹ́lẹ̀, ẹ má gé e sọ nù mọ́. Kí ó gbé e lọ sí pápá gbọọrọ, kí ó yọ ìwọ̀ àti òjé kúrò, kí ó tú u sílẹ̀ gbogbo, kí ó fà á rìn lórí koríko, kí ó sì wá ká a padà kí okùn gba àárín ìka rẹ̀ méjì. Á tú ara rẹ̀. Ẹ bá mi kí i pé ó ṣe dáadáa nínú ìdánwò.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Ẹ̀gbọ́n, okùn híhun ni mo rà, torí wọ́n ní ó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì lágbára. Bíréèkì mi kò mú mọ́ láti ìgbà náà. Mo dè é títí, okùn ṣì ń tú. Mo fẹ́ ju rííìlì náà nù. Láti Ayétòrò, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN

Má jù ú nù, jọ̀ọ́. Bíréèkì rẹ kò bàjẹ́. Di bọ́bìn mú ṣinṣin kí o fa okùn: wàá rí i pé gbogbo okùn náà ló ń yí lórí bọ́bìn bí òrùka tó tóbi jù fún ìka. Okùn híhun ń yọ̀, kò lè di irin tó dán mú. Tú gbogbo rẹ̀. Kọ́kọ́ wé okùn ọ̀rá lásán sórí bọ́bìn, nǹkan bíi ìgbà mẹ́wàá, kí o so okùn híhun mọ́ orí rẹ̀, kí o wá wé e lórí rẹ̀ ní fífà. Bí kò bá sí okùn ọ̀rá nílé, tépù dúdú tí àwọn oníṣẹ́ iná mànàmáná ń lò, bí o bá wé e lẹ́ẹ̀kan péré yí bọ́bìn ká, yóò dì í mú.